Ríìmù Tó Fúyẹ́ Sàn Ju Ríìmù Ńlá Lọ: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Pààrọ̀ Ẹsẹ̀ Mọ́tò Yín

Bí ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù fún wákàtí kan péré, ẹ ó rí mọ́tò kékeré tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Corolla tí àwọn èèyàn wa ń pè ní Sport ni o, Honda Civic ni o, Golf ni o: wọ́n á ti yọ ríìmù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, wọ́n á ti fi èyí tó tóbi tó sì ń dán gbinrin sí i. Ó wu ojú lóòótọ́. Àmọ́ àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ arẹwà, ìyọnu ló fẹ́.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń béèrè ni pé: èwo ni ká rà, 15, 16 àbí 17, kí mọ́tò wa lè já fáfá, kó sì dúró dáadáa ní kọ́nà? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ohun tó ń mú kí mọ́tò kékeré já fáfá ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, kì í ṣe kó tóbi. Lórí títì tó ní kòtò bíi tiwa, ẹsẹ̀ tó tóbi jù ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ó sì lè mú ẹ̀mí lọ pẹ̀lú.

Kí ló dé tí wíwúwo ríìmù fi ṣe pàtàkì?

Ẹ wo àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko lẹ́yìn òjò. Bó bá fi iṣu kílò méjì kún ẹrù orí rẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n kí ẹrẹ̀ kílò kan lẹ̀ mọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìrìn á sú u kó tó délé, torí gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀ ló ń gbé ẹrẹ̀ náà. Bí ọ̀rọ̀ ríìmù ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹrù tó wà nínú búùtù, sípíríǹgì àti ṣọ́kì ló gbé e. Ṣùgbọ́n ríìmù àti táyà wà lábẹ́ sípíríǹgì. Gbogbo kòtò tí mọ́tò bá kó sí, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà, bí ríìmù bá wúwo, nǹkan mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á ṣe wàhálà kó tó lè yí i: ẹ ó tẹ tọ́tù, mọ́tò á ṣì máa lọ́ra, epo á sì máa lọ. Bíréèkì náà á ṣe wàhálà kó tó dá a dúró. Ṣọ́kì á tètè kú, torí nígbà tí ẹsẹ̀ bá já sí kòtò tó sì fò sókè, òun ló gbọ́dọ̀ fà á padà sílẹ̀. Ìkẹrin ló léwu jù: táyà tó fò sókè kò dì mọ́ títì, táyà tí kò bá sì dì mọ́ títì, kò sí ohun tí sítíárìn tàbí bíréèkì lè fi í ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ náà, alọ́ì, tàn yín o. Kì í ṣe gbogbo alọ́ì ló fúyẹ́. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Èyí tó wọ́pọ̀ ni èyí tí wọ́n ń yọ́ àlùmíníọ̀mù, tí wọ́n á dà á bí àwọn oníkòkò ṣe ń da ìkòkò. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ alágbára tẹ̀, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin, títí tó fi máa ki. Torí pé èyí tí wọ́n tẹ̀ le ju ti dídà lọ, wọn kì í nílò àlùmíníọ̀mù púpọ̀ láti ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́. Ó wọ́n, kò sì pọ̀ lọ́jà wa.

Ohun tó dájú ni ìwọ̀n. Ríìmù irin 15 sábà máa ń wà láàárín kílò 7 sí 10. Alọ́ì 15 tó dára lè jẹ́ kílò 6 tàbí 7. Ṣùgbọ́n alọ́ì 17 olówó pọ́ọ́kú lè ju kílò 10 lọ. Ẹ rí i pé ẹni tó yọ irin 15, tó fi irú alọ́ì bẹ́ẹ̀ sí i, ńṣe ló tún fi ẹrẹ̀ kún ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ̀. Àwọn tó ń ra kòkó àti kaṣú lágbègbè wa ní ìwọ̀n. Ẹ gbé ríìmù náà lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò yín dání kẹ́ ẹ fi wéra, kẹ́ ẹ sì yọ táyà kúrò lára méjèèjì.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà

Lára táyà Corolla, ẹ lè rí i kí wọ́n kọ ọ́ pé 195/65R15 91H. Kì í ṣe àdììtú rárá.

195 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. 65 kì í ṣe mílímítà ní tirẹ̀: ó ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. Ìdá 65 nínú 195 jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 127. R ń sọ irú bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà. 15 ni ríìmù tó máa wọ̀ ọ́, ní íǹṣì. Bí ẹ bá ṣírò ríìmù àti ẹ̀gbẹ́ táyà lókè àti nísàlẹ̀ pọ̀, gíga gbogbo ẹsẹ̀ náà jẹ́ bíi mílímítà 634.

91 ni ẹrù tí táyà kan lè gbé, ìyẹn kílò 615. Bí ẹ bá rí 84, kílò 500 ni. H ni eré tí wọ́n ṣe é fún, kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 210 láàárín wákàtí kan lọ. T jẹ́ 190, V jẹ́ 240. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi mọ́tò kékeré ṣe kabúkabú, tẹ́ ẹ ń gbé mẹ́rin sẹ́yìn, méjì síwájú, tẹ́ ẹ tún ń di ẹrù sí búùtù, nọ́ńbà ẹrù yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Táyà pẹlẹbẹ tó rẹwà lè má lè gbé tó èyí tẹ́ ẹ yọ.

Iye tí ilé iṣẹ́ fẹ́ fún mọ́tò yín wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn dírẹ́bà ń pa dé. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ fẹ́ sí i wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

15, 16 àbí 17?

Corolla tó jáde ní 2009 sí 2013, tó wọ́pọ̀ lójú títì wa, kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Toyota fi sí i lọ́jà Amẹ́ríkà. Àwọn kan gba 195/65R15, irú Sport gba 205/55R16, èyí tí wọ́n ń pè ní XRS sì gba 215/45R17. Bí ẹ bá ṣírò gíga wọn, 634, 632 àti 625 ni. Ẹ wò ó, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ríìmù ń tóbi, ẹ̀gbẹ́ táyà ń kéré, gbogbo rẹ̀ sì ń jásí ibì kan náà. Ìlànà tí àwọn tó mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé gíga tuntun kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀gbẹ́ táyà 15 yẹn jẹ́ mílímítà 127. Ti 16 jẹ́ 113. Ti 17 jẹ́ 97. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ìrọ̀rí tó wà láàárín ríìmù àti kòtò. Bó bá ṣe ń tín-ínrín sí i, bẹ́ẹ̀ ni etí ríìmù ń sún mọ́ kòtò. Òótọ́ ni pé táyà pẹlẹbẹ kì í mì púpọ̀ ní kọ́nà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sáré fi fẹ́ràn rẹ̀ lórí títì tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àmọ́ bó bá já sí kòtò kan ṣoṣo lóru, ríìmù lè tẹ̀ tàbí kó là, okùn inú táyà lè já, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú bí oówo.

Ní tiwa, láti Ìkìrun dé Òkukù, 15 tàbí 16 tó fúyẹ́ ló dára jù fún Corolla Sport. Ẹni tó bá fẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ di títì mú dáadáa, kó fi owó tó fẹ́ fi ra 17 ra táyà 16 tuntun mẹ́rin tó dára. Á rí ìyàtọ̀ rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Àṣìṣe méjì wọ́pọ̀. Èkíní ni kí wọ́n fi 225/50R17 sí mọ́tò tó ń lo 195/65R15. Gíga rẹ̀ di 657, ó sì lè máa ha fẹ́ńdà nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà tàbí tí mọ́tò bá kún. Èkejì ni kí wọ́n fi 185/60R14 sí i, bí ẹ bá rí ríìmù tó gbà á. Gíga rẹ̀ kò ju 578 lọ. Ikùn mọ́tò á máa gbá gálọ̀pù, míìtà á sì máa parọ́: yóò sọ fún yín pé 100 lẹ ń sá, nígbà tó jẹ́ pé bíi 91 ni.

Ihò márùn-ún kì í ṣe ọ̀kan náà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó. Corolla 2003 sí 2008 tó wá láti Amẹ́ríkà, ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún ló ní, wọ́n sì tò wọ́n yíká lórí òbírí tó jẹ́ mílímítà 100. Ríìmù Camry Muscle náà ní márùn-ún, ṣùgbọ́n lórí 114.3. Lójú lásán, ọ̀kan náà ni. Kò lè wọra. Ríìmù Camry Muscle kò ní wọ Corolla 2003.

Èyí tó tún léwu ju èyí tí kò wọlé lọ ni èyí tó wọlé tí kò sì bá a mu. Ríìmù Golf 4 náà jẹ́ ihò márùn-ún lórí 100, nítorí náà ó máa wọ Corolla 2003. Àmọ́ ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 57.1, họ́ọ̀bù Corolla sì jẹ́ 54.1. Àlàfo á wà níbẹ̀, sítíárìn á sì máa gbọ̀n bẹ́ ẹ bá sáré, àfi tí wọ́n bá fi òrùka tó yẹ dí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí lára ríìmù Golf rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, nígbà tí nọ́ọ̀tì Toyota tó ní ẹnu ṣóńṣó kò lè jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ẹ ó dì í títí, á dà bíi pé ó dì, nígbà tó bá yá, á tú. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé mọ́tò wo ló yọ ọ́ lára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ọ̀tì tó bá ríìmù náà mu.

Ẹ wo bó ṣe jìn tó pẹ̀lú. Ríìmù tó bá yọ síta kọjá fẹ́ńdà ń fa bíárìn lọ́nà tí wọn kò ṣe é fún, bíárìn náà á sì tètè ké.

Táyà fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ríìmù tó dára jù lọ láyé kò lè gba táyà tó ti gbó. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà yẹn, òkè òkun la ti ń kó táyà wọlé, tòkunbọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ní Bírítéènì àti Yúróòpù, òfin kò gbà kí jíjìn ojú táyà mọ́tò kékeré dín sí mílímítà 1.6. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí táyà tòkunbọ̀, ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí ẹni tó ni í fi yọ ọ́.

Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ SON ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ṣe táyà ni ọjọ́ rẹ̀ pé. Bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì gún régé, rọ́bà inú rẹ̀ ti ń gbẹ.

A ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, James Ocholi, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọkùnrin rẹ̀ lójú ọ̀nà Kaduna sí Àbújá. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sọ pé táyà mọ́tò wọn ló bẹ́. Táyà kò mọ mínísítà, kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sílé ìwé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

1. Ẹ ka ìwé ara ilẹ̀kùn mọ́tò yín, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà táyà rẹ̀ sínú fóònù.

2. Ẹ gbé ríìmù sórí ìwọ̀n. Bí ó bá wúwo ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ, ẹwà nìkan lẹ fẹ́ rà, kì í ṣe eré.

3. Ẹ yí ríìmù náà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jó o pọ̀ níbi tó ti là, ẹ dá a padà. Ẹ má sì gbà kí fọkanáísà fi tíúbù bo ibi tó là mọ́lẹ̀.

4. Ẹ ka iye ihò rẹ̀, ẹ wọn ọ́n, ẹ wo ihò àárín àti ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí.

5. Ẹ wo ọjọ́ orí táyà àti nọ́ńbà ẹrù rẹ̀.

6. Ẹ ṣe bálánsì. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 80 sí 100, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì dì. Àárọ̀ kùtù, nígbà tí táyà ṣì tutù, ni kẹ́ ẹ máa wọn afẹ́fẹ́, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń gbóná, ooru yẹn ló sì sábà máa ń jẹ́ kó bẹ́.

Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan títì kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ló di ẹ̀yin, ìyàwó, ọmọ àti èrò ẹ̀yìn mọ́tò mú nígbà tí ọ̀kadà bá já yọ lójijì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ náwó sí mọ́tò yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.