"Ó dára" nìkan kò tó: Bí a ṣe lè sọ òótọ́ fún ẹni tó fi tàdáwà yàwòrán

Láti ọdún 2011 ni àjọ̀dún Chale Wote ti ń kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jáde sí ojú títì ní Jamestown, àdúgbò àtijọ́ tó wà létí òkun ní Accra, olú ìlú Ghana. Níbẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ lè dúró ti ayàwòrán, kó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó sì sọ èrò ọkàn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ kí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ? Bí kò bá jẹ́ "ó dára gan-an", á jẹ́ "kò jọ ọ́ rárá". Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dùn létí, èkejì korò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ ohun tí ayàwòrán lè ṣe sí iṣẹ́ rẹ̀ nínú méjèèjì.

Ayàwòrán sì nílò ojú ẹlòmíràn. Àwọn Akan ní Ghana máa ń pa á lówe pé ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ti wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tó ti tẹrí ba lórí bébà fún wákàtí mẹ́ta: àṣìṣe náà ti mọ́ ọn lójú débi pé kò rí i mọ́.

Kí ló mú kí iṣẹ́ tàdáwà yàtọ̀?

Ẹni tó bá fi pẹ́ńsù yàwòrán lè pa ìlà tó wọ́ rẹ́. Tàdáwà kò gba bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tàdáwà dúdú tí àwọn ayàwòrán ń lò ni kì í ṣeé fọ̀ mọ́ tó bá ti gbẹ.

Bákan náà, ìlà dúdú lórí bébà funfun ni gègé ní. Tí ayàwòrán bá fẹ́ fi òjìji hàn, àfi kó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sún mọ́ ara wọn, kó fa òmíràn dábùú wọn, tàbí kó to àmì kéékèèké jọ. Ibi tí wọ́n bá ti pọ̀ á ṣókùnkùn, ibi tí wọ́n bá ti fọ́nká á mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, àbá tó wúlò ni èyí tó sọ ohun tí ayàwòrán ṣì lè fi kún àwòrán náà, tàbí ohun tó máa yí padà nínú èyí tó ń bọ̀.

Ìgbà tí kì í ṣe bí wọ́n ṣe yà á ló ń bí èèyàn nínú

Ní ọdún 2017, Bright Ackwerh, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ọmọ Ghana tó gba àmì ẹ̀yẹ Kuenyehia ní 2016, ya àwòrán kan tó pè ní "We Dey Beg". Ẹ̀rọ ló fi yà á, kì í ṣe gègé. Nínú rẹ̀, Ààrẹ China, Xi Jinping, ń da omi ẹlẹ́rẹ̀ sínú abọ́ tí Nana Akufo-Addo, tó jẹ́ ààrẹ Ghana nígbà náà, gbé dání. Ọ̀rọ̀ galamsey, ìyẹn wíwa góòlù lọ́nà àìtọ́ tó ń ba odò Ghana jẹ́, ló dá lé.

Iléeṣẹ́ aṣojú China ní Ghana kọ lẹ́tà láti fẹ̀hónú hàn nípa ìròyìn tó ń jáde lórí ọ̀rọ̀ náà àti àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ní ó tàbùkù àwọn aṣáájú. Ohun tí àwòrán náà sọ ló dùn wọ́n.

Àríwísí sí ọ̀rọ̀ inú àwòrán ní àyè tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe àbá lórí iṣẹ́ ọwọ́. Kí èèyàn tó la ẹnu, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè èwo ló fẹ́ sọ.

Òótọ́ tó ba ọ̀rẹ́ jẹ́

Ní ọdún 1885, Vincent van Gogh, ayàwòrán ọmọ Netherlands, fi ẹ̀dà àwòrán rẹ̀, "The Potato Eaters", tí wọ́n fi òkúta tẹ̀, ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Anthon van Rappard, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán.

Van Rappard rí àléébù tòótọ́: apá ọkùnrin kan kúrú jù, ara rẹ̀ kò sì pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn ló fi gbé e kalẹ̀. Van Gogh dá lẹ́tà náà padà fún un, ọ̀rẹ́ wọn kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà Yorùbá kúkú ti sọ ọ́: ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ló ń yọ ọfà lápó.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó lè ràn yín lọ́wọ́

Ní ọdún 1990, Liz Lerman, oníjó ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìlànà onígbèésẹ̀ mẹ́rin kan kalẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀dọ́ kan fi gègé ya ìyá tó ń ta kenkey lọ́jà Makola, ní Accra, ó wá gbé e wá fún yín.

Àkọ́kọ́, ẹ sọ ohun tó gba àfiyèsí yín: "Ojú ìyá yìí ni mo kọ́kọ́ rí. Ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán bi yín ní ohun tó ń kọ ọ́ lóminú.

Ìkẹta, ẹ bi òun náà ní ìbéèrè tí kò ní ẹ̀bi nínú. "Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá?" yàtọ̀ sí "kí ló dé tí òjìji rẹ rí báyìí?"

Ìkẹrin, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó sọ èrò yín. Tó bá gbà, ẹ tọ́ka sí ojú ibẹ̀ gan-an: "Òjìji abẹ́ igbá kò dúdú tó, ìdí nìyẹn tí igbá fi dà bí ohun tó léfòó. Tí o bá fa ìlà mìíràn dábùú èyí tó wà níbẹ̀, á jókòó." Ní ti ìka ọwọ́ tó gùn jù, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Ẹ gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya ọwọ́ nínú èyí tó kàn, kó tó mú gègé.

Tó bá pọn dandan kí ẹ fi hàn án, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣeé rí òdìkejì lé e lórí, kí ẹ yà á síbẹ̀. Ẹ má ṣe fi gègé yín kan iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "kò dára" lè ju gègé sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá gbọ́ pé igbá ń léfòó ti mọ ibi tí ìlà tó kàn máa bọ́ sí.