Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Kò Gbọ́ Ẹsẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin aránṣọ, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná òde òní kò rí bí èyí tí àwọn ìyá wa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà rẹ̀, òòfà kékeré kan ni ó ń sún mọ́ ohun dúdú kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Ohun dúdú yìí ni ó ń mọ bí òòfà ti sún mọ́ tó, òun ni ó sì ń sọ fún mọ́tọ̀ pé kí ó rọra tàbí kí ó sáré. Sẹ́ńsọ̀ Hall ni wọ́n ń pè é, nítorí Edwin Hall ará Amẹ́ríkà ni ó rí àṣírí rẹ̀ ní 1879.

Ìyá kan gbé ti rẹ̀ wá bá mi nígbà tí ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ti gba àsansílẹ̀ aṣọ ilé-ìwé 60, ó sì ti fi gbogbo rẹ̀ ra aṣọ. Iná ń tàn lára ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó tẹ pẹ́dà tó, kò mira.

“Ọ̀gá, wọ́n ní kí n lọ ra mọ́tọ̀ tuntun. Níbo ni kí n ti rí owó rẹ̀?”

“Ẹ fara balẹ̀, Mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.”

Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú 15, nítorí iná a máa sá pamọ́ sínú àpótí mọ́tọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á, ó sì lè gbé ènìyàn ṣubú. Mo tú pẹ́dà. Wáyà kò já, òòfà sì wà ní ipò rẹ̀. Ìwọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ wò: lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún mi, gọ́ọ̀mù òòfà ni ó kàn ṣí.

Mo fi awò ka ara ohun dúdú náà: 49E. Mo sàmì sí ìhà tí ó kọjú sí, mo fi irin sódà yọ ọ́, mo sì so bátìrì kéékèèké 3 pọ̀, fóólìtì 4.5. Bí ojú tí a kọ nǹkan sí bá kọ sí yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ni ti orí bátìrì, ti àárín ni ti ìdí bátìrì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ń sọ̀rọ̀. Mo fi mítà sí ti ọ̀tún àti ti àárín. Èyí tí ó yè yóò fi nǹkan bí ìdajì hàn, fóólìtì 2 àti díẹ̀. Bí a bá sún òòfà mọ́ ọn, yóò máa gòkè tàbí kí ó máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti ìyá yìí dúró gbọin sójú kan. Ó ti kú.

Mo fi tuntun sí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láìjẹ́ kí irin gbígbóná pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mọ́tọ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù, ìyá ti ń rán ọrùn aṣọ.

Ẹ ṣọ́ra lọ́jà o. Wọ́n lè fún yín ní 41F, nítorí ó jọ 49E bí ìbejì. Ẹ má gbà á fún pẹ́dà. 41F kò mọ̀ ju kí ó ṣí tàbí kí ó pa lọ, bí òòfà bá sì ti ṣí i, kò ní í pa títí ìhà kejì òòfà yóò fi dé. Inú mọ́tọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná ni a ti sábà máa ń rí i.