Bí "Wẹ́ẹ̀dọ̀n" Ṣe Gba Ẹnu Ọmọ Okun

Ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, nílẹ̀ àwa Okun, ìyá àgbà kan jókòó síwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe gàrí. Èèpo ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó kù nílẹ̀ sì ju èyí tó ti bẹ lọ. Ọmọ iléèwé kan ń kọjá, ó ní, "Wẹ́ẹ̀dọ̀n, mà." Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ dúró, mirí. Ó ní, "Ta ló sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí? Láyé tiwa, 'Okun o' ni ì bá wí."

Tíṣà kò purọ́. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ṣiṣẹ́ tán, tó sì ṣe é dáadáa, ni wọ́n ń sọ "well done" fún. Ọ̀gá ló sábà máa ń sọ ọ́ fún ọmọọṣẹ́, tíṣà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n àwa kì í dúró de ìparí iṣẹ́. Ẹni tó ń roko, bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù, ọlọ́pàá tó wà lójú òòrùn, gbogbo wọn là ń kí ní wẹ́ẹ̀dọ̀n.

Báwo ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Àwọn òyìnbó ta àsíá wọn ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì àti iléèwé ló sì gbé èdè wọn kárí ilẹ̀ wa.

Ẹnu ọ̀nà tí wẹ́ẹ̀dọ̀n gbà wọlé ló dìjà. Tíṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, pé nínú òwe tálẹ́ńtì, Mátíù orí 25, ohun tí olówó ẹrú sọ fún ẹrú rere nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Káfíńtà àgbà kan tó bá wa níbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Bíbélì Yorùbá ni wọ́n fi wàásù fún àwọn bàbá wa, "o ṣeun" ló sì wà níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, àwọn fóòmánù tó kó wọn ṣe ọ̀nà ló mú un wá. Tíṣà bínú: "Fóòmánù wo ló ń yin èèyàn? Èébú ni wọ́n mọ̀!" Káfíńtà ní bàbá òun ṣiṣẹ́ ọ̀nà, ti Tíṣà ò ṣe é rí. Ilẹ̀ ṣú, kò sẹ́ni tó gbà fẹ́nì kejì.

Ní tèmi, "ẹ kú iṣẹ́" ló wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ní ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ọjà. A kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Ọmọ iléèwé wá irú rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò rí i, ó bá mú èyí tó sún mọ́ ọn jù. Àwọn ará Gánà náà ní "ayekoo" tiwọn fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àmọ́ ní ilẹ̀ wa, kíkí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní "okun" ló di orúkọ wa. Àwa ará Ìjùmú, Owé, Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, "okun" ni gbogbo wa fi ń kíra. Eva Krapf-Askari, ọ̀mọ̀wé tó ṣèwádìí ní agbègbè Kàbà láwọn ọdún 1960, ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó kọ́kọ́ dábàá pé ká fi Okun pe gbogbo wa pọ̀. Àwọn Èkìtì náà ń fi okun kíra. Agbára ni okun; ẹni tó wí i ń tọrọ agbára fún ọ fún iṣẹ́ tó kù.

Ẹ wá wo ìgboro lónìí. Mẹ́gáàdì tó bá ní "Wẹ́ẹ̀dọ̀n, sà" lẹ́nu géètì, owó ló ń retí. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ọmọ tó bá kọjá lẹ́bàá oko láìwí okun, wọ́n á pè é padà. Àmọ́ ní báyìí, ọ̀kadà ti dé, eré la ń sá kọjá.

Kí ọmọ wa máa sọ wẹ́ẹ̀dọ̀n ní kíláàsì, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà l'Áyétòrò, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó sì wí okun. Àwa òbí ló yẹ ká kọ́ ọ.