Àwọn Atamátàsé Ogun Kírìjì

Nígbà tí ogun abẹ́lé gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ní ọdún 1861, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hiram Berdan, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ògbóǹtagí nínú ìbọn yínyìn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn atamátàsé jọ sí ẹgbẹ́ ogun ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá lè yin ọta mẹ́wàá láti 200 yáàdì, kí ìjìnnà wọn sí àárín àmì má ju ínṣì 5 lọ ní ìpíndọ́gba, kò rí àyè nínú wọn. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń wọ̀, bí ọdẹ tí ó fara sin sínú igbó, ìbọn Sharps tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń lò, láti ẹ̀yìn ni a ti ń ki í.

Kíkì láti ẹ̀yìn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹni tí ó bá ń lo ṣakabùlà níláti nàró, kí ó da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, kí ó fi ọ̀pá gún un, kí ó sì ki ọta lé e, àyà rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í tilẹ̀ gbé e lé èjìká, ìbàdí ni wọ́n ti ń yìn ín, wọn a sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iná má baà jó wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ki ìbọn láti ẹ̀yìn lè dọ̀bálẹ̀ sínú kòtò, kí ó sì fi sùúrù wá ojú ẹni tí yóò ta.

Ogun Kírìjì ni ó fi èyí han ilẹ̀ Yorùbá, láàárín Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, tí Ààrẹ Látòósà jẹ́ olórí wọn, àti Èkìtìparapọ̀ tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ṣíwájú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń bẹ ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti Sàró àti Brasil padà wálé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn Snider, tí a ń ki láti ẹ̀yìn, ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó. Ìjọba ni ó ń gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ ogun Berdan. Ìfẹ́ ilé baba ẹni ni ó ra ìbọn tiwa, mo sì ka èyí sí ohun ìwúrí ńlá. Ìbàdàn ní tirẹ̀, tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà òkun mọ́, kò tètè rí irú rẹ̀ rà.



Láti ìgbà tí ìbọn Snider ti dé ojú ogun, akíkanjú tí ó bá dìde láti sáré lu ọ̀tá ní gbangba, ọta ni yóò pàdé rẹ̀ lọ́nà, nítorí náà tọ̀tún tòsì fara mọ́ kòtò àti ògiri bùdó, kò sì sẹ́ni tí ó lè ṣí ẹnìkejì nídìí. Látòósà kú sí bùdó ní ọdún 1885. Ìhà méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọdún 1886; síbẹ̀ ó di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó, kí àwọn ọmọ ogun tó kó ẹrù wọn lọ sílé.