Ohun Tí Iná Kò Lè Yọ́, Afẹ́fẹ́ Lè Jẹ Ẹ́

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé ọdún 2003, ọkọ̀ ojú-ọ̀run Columbia ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọ́ yángá bí ó ti ń padà bọ̀ wá sí ayé. Ihò wà ní etí ìyẹ́ rẹ̀ ti òsì. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná gbà wọlé, ènìyàn méje sì kú. A kò sọ pé ohun tí a fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí ni ì bá gbà wọ́n là, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀ràn etí ìyẹ́ mọ́.

Bí etí ìyẹ́ bá ti mú tó ni ooru rẹ̀ ń pọ̀ tó. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń wo seramíìkì bíi zirconium diboride, tí kì í yọ́ títí ooru yóò fi ju 3,200 dígírì Celsius lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ó bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ìpaara a máa jẹ irin ọkọ́ run, ṣùgbọ́n irú èyí tí ó bo ìkòkò alumíníọ́mù ni ó ń dáàbò bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ti seramíìkì yìí. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ọ́síjìn a sọ zirconium di èèpo funfun tí ó ní ihò wẹ́wẹ́, a sì sọ boron di ohun tí ń yọ́ ní 450 dígírì, tí ń ṣàn bí oyin dí àwọn ihò náà. Bí ooru bá kọjá nǹkan bí 1,200, oyin náà a fò lọ. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń po silicon carbide mọ́ ọn, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, kí ó lè di gíláàsì tí yóò bò ó títí dé nǹkan bí 1,600.

Ẹ wá yí afẹ́fẹ́ padà. Bí oru omi bá wà níbẹ̀, a so mọ́ oyin boron, a sì gbé e lọ kíákíá. Níbi tí ooru ti pọ̀ tí ọ́síjìn kò sì tó, bí ó ti rí lókè réré, silicon kì í di gíláàsì mọ́. A di gáàsì, a sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, a fi ihò sílẹ̀. Èyí ni ó yà wá lẹ́nu jùlọ: àìtó ọ́síjìn ni ó ń ba nǹkan jẹ́!

Nítorí náà iná ìléru nínú afẹ́fẹ́ ilé kò tó láti dán an wò. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ gbóná títí ọ́síjìn inú rẹ̀ yóò fi tú sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fẹ́ ẹ lu seramíìkì náà. Iṣẹ́ náà gbówó lórí, ibi tí wọ́n sì ti lè ṣe é kò pọ̀.