Ẹni Tó Ní ‘Ó Dà Bí Ẹni Pé N Kò Sí Nínú Ara Mi’ Kì í Ṣe Wèrè

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó èlé tàbí ti ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ó sì kan ẹgbẹ́ wa gan-an.

Ìyá kan wà láàrin wa níhìn-ín ní Ara tó ti ṣòwò pẹ́ ní Abidjan, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire lẹ́yìn ìbò ọdún 2010 ló lé e wálé. Nígbà tó wá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó tẹ̀ka sí ìwé tán, ló bá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ yìí kì í ṣe tèmi. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, bíi pé ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ yín.” Ni àwọn kan bá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì yẹsẹ̀. Àwa náà dákẹ́, ó sì ń dùn wá títí di òní.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ludovic Dugas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 1898, ó pè é ní depersonalization. Ẹni tó bá mú a máa dà bí àlejò lójú ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lè máa ró létí rẹ̀ bí ohùn ẹlòmíràn. Ó lè wo dígí, kí ojú tó rí ṣàjèjì sí i. Ọmọ rẹ̀ lè dì mọ́ ọn, kí inú rẹ̀ má sì dùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kí ló ń fà á? Ìbẹ̀rù ńlá, ìyà tí a fi jẹ ènìyàn ní kékeré, àìsùn, àti igbó mímu wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá pọ̀ jù, ọpọlọ a máa pa ìmọ̀lára kú díẹ̀ kí ènìyàn lè là á já. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì ń lọ. Ti àwọn mìíràn kì í lọ bọ̀rọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lè tó ẹnìkan tàbí méjì.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ ìyá yẹn gbọ́: “Ó dà bí ẹni pé.” Kò ní ẹnìkan jí ọwọ́ òun. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí wèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé òun ń ya wèrè ni kì í jẹ́ kí irú wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á fẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n á máa tutọ́ funfun.

Ẹ má na irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má dè é. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí wárápá náà lè fa irú rẹ̀. Dókítà ọpọlọ wà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀. Kò sí oògùn kan pàtó fún un, ṣùgbọ́n ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ ń ṣèrànwọ́. Bó bá dé sí i, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kó fi omi tútù bọ́jú, kó máa dárúkọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kó sùn dáadáa, kó sì jìnnà sí igbó.

Láti ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàrin ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, dípò kí wọ́n há wọn mọ́. Ó mọ̀ pé ènìyàn laṣọ.

Nígbà tó yá, obìnrin méjì dúró fún ìyá wa. Ó san ẹ̀yáwó náà tán, kò ku kọ́bọ̀. Bí ẹlòmíràn bá tún sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípàdé, ẹ jẹ́ ká fà á mọ́ra.