Àbàtà, Odò àti Òpó Afẹ́fẹ́

Àwọn àgbà ní àbàtà ta kété bí ẹni pé kò bá odò tan. Òwe yìí kan ẹni tí ó bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná.

Ní Ìlúpéjú, ní Èkó, níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, ta ni iná tí kò ní èéfín kò ní wù? Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ mọ́, ó yẹ kí a bèèrè irú ilẹ̀ tí a óò ri òpó rẹ̀ mọ́.

Àbàtà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé kìkì ewéko tí ó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ilẹ̀ rẹ̀. Omi kò jẹ́ kí ewéko náà jẹrà tán, kábọ́nì sì wà nínú rẹ̀ ní ìpamọ́. Bí a bá la kòtò tí omi gbẹ, yóò jẹrà, kábọ́nì náà yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ láti mú ayé gbóná. Bí a bá sì di ẹrù wíwúwo lé e, ó lè já.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Derrybrien, ní ilẹ̀ Ireland, ní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2003. Níbi tí a ti ń gbé òpó 70 ró sórí òkè, àbàtà já, ó ṣàn wọ odò, ẹja bí 50,000 sì kú. Ní 2019, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù bu ìtanràn mílíọ̀nù 5 owó Yúrò lé Ireland lórí, nítorí pé wọn kò yẹ ewu náà wò bí òfin ti wí. Ní 2022, a pinnu láti tú àwọn òpó náà.

Ilẹ̀ àbàtà kò ṣọ̀wọ́n ní Èkó. Ẹni tí yóò kọ́lé sórí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ odò.